Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú, Àmúyẹ Olówó Gọbọi: Ohun Tí Mo Máa Ń Yẹ̀ Wò Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Ohun tí wọ́n kọ sára páàlí fóònù kì í sábà jẹ́ irọ́. Bí wọ́n bá ní kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 108MP, 108MP ni. Bí wọ́n bá ní ṣájà rẹ̀ jẹ́ 70W, ẹ máa rí 70W lára ṣájà náà. Ohun tí wọn kò kọ sára páàlí ló máa ń dun ẹni tó ra fóònù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Owó tí ilé iṣẹ́ ní láti fi ṣe fóònù olówó pọ́ọ́kú ní òdiwọ̀n. Bí wọ́n bá ná èyí tó pọ̀ sórí skríìnì, dandan ni kí wọ́n dín nǹkan kan kù níbòmíràn. Nígbà tí mo bá ń yẹ irú fóònù bẹ́ẹ̀ wò, ibi tí wọ́n ti dín in kù ni mo máa ń wá, kí n sì mọ̀ bóyá ẹni tó fẹ́ rà á lè máa bá ayé rẹ̀ lọ láìsí nǹkan ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká mú fóònù mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀: Samsung Galaxy A15 oní-4G, Redmi Note 13 Pro oní-4G, àti Infinix Note 40 Pro oní-4G. Ìparí 2023 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2024 ni gbogbo wọn jáde. Ọpọlọ kan náà (prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ìṣirò fóònù) ló wà nínú wọn, ìyẹn Helio G99 ti MediaTek. Redmi fi Ultra kún orúkọ tiẹ̀, Infinix fi Ultimate kún tiẹ̀, àmọ́ egungun rẹ̀ kò yàtọ̀: Cortex-A76 méjì tó ń sáré dé 2.2GHz, Cortex-A55 mẹ́fà tó ń sáré dé 2.0GHz, tí wọ́n ṣe lórí 6nm (bí nọ́ńbà nm bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe máa ń jẹ iná mọ). Nígbà tí ọpọlọ ti jẹ́ ọ̀kan náà, ibi tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan náwó sí á wá hàn gbangba.

Samsung náwó sórí ọjọ́ iwájú. Ó ṣèlérí Android tuntun nígbà mẹ́rin àti àtúnṣe ààbò fún ọdún márùn-ún, àmọ́ skríìnì rẹ̀ kò kọjá 90Hz (iye ìgbà tó ń tún àwòrán yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), sípíkà kan ṣoṣo ló ní, kámẹ́rà rẹ̀ kò ní OIS (ohun tó ń gba gbígbọ̀n ọwọ́), 25W ni iná tó ń gbà, ṣájà ọ̀hún gan-an kò sì sí nínú páàlí. Redmi náwó sórí kámẹ́rà 200MP tó ní OIS, iná 67W, skríìnì 120Hz, àti ìdáàbòbò IP54 lọ́wọ́ eruku àti omi tó bá ta sí i. Infinix náwó sórí ohun tí ojú ń rí tí ọwọ́ sì ń fọwọ́ kàn: skríìnì AMOLED tó tẹ̀ létí, OIS lórí kámẹ́rà 108MP, iná 70W, iná aláìní-wáyà 20W, sípíkà méjì tí wọ́n kọ orúkọ JBL sí. Ìlérí tirẹ̀ lórí Android tuntun jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, àtúnṣe ààbò sì jẹ́ ọdún mẹ́ta. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Àmọ́ bí ẹ bá gbé ti Infinix fún ìyá àgbà tó fẹ́ lo fóònù fún ọdún mẹ́fà, tí ẹ sì gbé ti Samsung fún ọmọ tó ń ya àwòrán òde àríyá ní alẹ́, ẹ ti ṣi àwọn méjèèjì lọ́nà.

Ọpọlọ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, torí pé òun ló ń pààlà fún gbogbo ohun tó kù. Helio G99 yìí kò lè gba fídíò 4K sílẹ̀. 2K, tí kò mọ́ tó 4K, ní férémù 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni òpin agbára rẹ̀. Nítorí náà, fóònù tó ní kámẹ́rà 200MP tàbí 108MP lórí ọpọlọ yìí kò ní gba fídíò 4K láé, bó ti wù kí lẹ́ńsì rẹ̀ dára tó. Kò sì ní 5G rárá. Ẹni tó ń gba fídíò ìgbéyàwó tàbí ìsìn fún owó gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó sanwó, torí àtúnṣe kankan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fi í kún un lọ́jọ́ iwájú. Ẹ fi áàpù CPU-Z tàbí DevCheck wo orúkọ ọpọlọ náà fúnra yín. Bí ẹ bá rí Helio G85, 12nm ni, Cortex-A75 ló sì gbé e ró. Ó ṣì ń gbé ẹrù. Bí ó bá jẹ́ Helio G36 tàbí G37, Cortex-A53 nìkan ló wà níbẹ̀, mẹ́jọ. Wọ́n máa ń gbé skríìnì 90Hz lé G36 lórí, ojú á máa sáré, ẹsẹ̀ kò ní lè bá a: ẹ ṣí WhatsApp tó ti kún fún ọdún méjì, ẹ fa àtòjọ ọ̀rọ̀ yẹn sókè kíákíá, ẹ máa rí i bó ṣe ń ta kọ́sẹ̀.

Eré tí fóònù sá ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í tàn mí jẹ. Mo máa ń gbé áàpù CPU Throttling Test, tó ń fi iṣẹ́ líle dán ọpọlọ wò, sí i fún ìṣẹ́jú 15, níta ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù kò dé, torí níta la ti ń lo fóònù. Ohun tí mo ń wò ni ìlà tó ń lọ sí ọ̀tún. Bí ó bá dúró sí òkè 85% títí dópin, fóònù náà mọ bí a ṣe ń lé ooru jáde. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 70% ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ìpè fídíò gígùn àti hotspot á máa sọ ọ́ di ìgbín.

Ní ti RAM, ibi tí áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ń gbé, bí páàlí bá kọ 16GB, ẹ wo lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ máa rí 8GB + 8GB. Àkọ́kọ́ ni RAM gidi. Èkejì jẹ́ ààyè tí wọ́n yá lára storage (ibi tí fóònù ń kó fáìlì pamọ́ sí), storage sì lọ́ra ju RAM lọ fíìfíì. Samsung ń pè é ní RAM Plus, Tecno ń pè é ní MemFusion, Xiaomi ń pè é ní Memory extension; ohun kan náà ni. Ìwúlò rẹ̀ kò ju pé kí áàpù tí ẹ fi sílẹ̀ lẹ́yìn má tètè kú. Lórí fóònù tí storage rẹ̀ jẹ́ eMMC, irú èyí tó lọ́ra jù, mo máa ń pa á ni, torí pé bí fóònù bá ń kó ẹrù RAM lọ sórí eMMC tó sì ń kó o bọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló máa wúwo. Ẹ wá RAM gidi 6GB ó kéré tán, kí ẹ gbàgbé nọ́ńbà yòókù.

Storage yìí ni àwọn èèyàn kì í bi mí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń pinnu bí fóònù ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún kan. 256GB ti eMMC 5.1 àti 256GB ti UFS 2.2, irú storage tó yá jù ú lọ, kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹ gbé áàpù AndroBench tàbí CPDT sí i, ẹ wo ìlà sequential read, ìyẹn bí storage ṣe ń ka fáìlì yá tó. Bí ó bá wà ní nǹkan bíi 300MB/s tàbí kó kéré sí i, eMMC ni. Bí ó bá kọjá 500MB/s dáadáa, UFS ni. Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn ní ṣọ́ọ̀bù, torí fóònù ṣófo. Ó máa ń hàn nígbà tí àwòrán bá ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, tí WhatsApp ń ṣe backup lóru, tí ààyè sì ti kún dé 90%.

Kámẹ́rà ni ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ jù, ibẹ̀ náà ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Àwòrán tí fóònù 200MP ń yà láìjẹ́ pé ẹ yí nǹkan kan padà jẹ́ nǹkan bíi 12.5MP, torí pé ó ń da píksẹ́lì 16 pọ̀ di ọ̀kan kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀. 108MP ń da 9 pọ̀, ó ń di 12MP. 50MP ń da 4 pọ̀, ó ń di 12.5MP. Ẹ rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń forí sọ. Ohun tó ń ya fóònù sọ́tọ̀ ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó, bí lẹ́ńsì ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó, OIS, àti bí ilé iṣẹ́ ṣe ń se àwòrán náà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ńsì yòókù tó wà lẹ́yìn, ẹ bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. 2MP macro (fún ohun tó sún mọ́ gan-an) àti 2MP depth (fún sísọ ẹ̀yìn àwòrán di bàìbàì) jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́. Àwọn fóònù kan wà tí ihò kẹta wọn jẹ́ QVGA, tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá 1MP. Bí ẹ bá rí ihò mẹ́ta lẹ́yìn fóònù tí kò sí ultrawide, lẹ́ńsì tó ń gba ibi gbòòrò, nínú wọn, kámẹ́rà kan ṣoṣo lẹ ń rà.

OIS jẹ́ ohun tí mo lè sanwó kún owó fún. Ohun kékeré kan ni tó ń gbé lẹ́ńsì sọ́tùn-ún sósì láti fi gba gbígbọ̀n ọwọ́, kí fóònù lè ṣí ojú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí mo ṣe ń dán an wò nìyí: mo máa ń lọ sí kọ̀rọ̀ tí gílóòbù kan ṣoṣo wà, mo dúró ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí ohun tó ní lẹ́tà lára, bíi páàlí mílíìkì, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo mú fóònù, mo sì ya àwòrán mẹ́wàá léraléra. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń sún mọ́ lẹ́tà náà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí n ka iye tí mo lè kà kedere. Mẹ́jọ sókè, ó dára. Mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ máa pàdánù ìdajì àwòrán alẹ́ yín. Bí ẹ bá mi fóònù tó ní OIS jẹ́jẹ́ tí ẹ gbọ́ ohùn kọ́kọ́kọ́ kékeré nínú ilé kámẹ́rà, ẹ má ṣe dá ọlọ́jà lẹ́bi; lẹ́ńsì tó ń rìn ló ń dún.

Ìdánwò kejì jẹ́ ti àwọ̀ ara wa. Ẹ ní kí ẹni tó dúdú dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, kó wọ aṣọ funfun bó bá ṣeé ṣe. Ẹ kọ́kọ́ pa Beauty àti gbogbo ohun tó ń kun ojú. Fóònù tí kò mọṣẹ́ á jẹ́ kí ojú ọ̀run mọ́ kí ojú èèyàn di èédú. Èyí tó ń ṣàṣejù á mú ojú náà mọ́lẹ̀ títí awọ ara á fi dà bí eérú, tí ìlà iṣẹ́ ọ̀nà ara aṣọ funfun á sì parẹ́. Èyí tó dára á fi dúdú sílẹ̀ ní dúdú, ẹ ó sì máa rí ojú, irùngbọ̀n àti lẹ́ẹ̀sì. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú kámẹ́rà iwájú, torí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń fi àwọ̀ ṣeré. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán ojú títì ọ̀sán gangan rárá. Gbogbo fóònù ló ń ya ìyẹn dáadáa.

Ó kan iná. Bátìrì 5000mAh ní folti bíi 3.87 kó nǹkan bíi 19.3Wh. Bí ẹ bá fi ṣájà lásán 10W sí i, wákàtí méjì ni ká ní kò sí ohun tó ń ṣòfò. Nítorí ooru àti ìfàsẹ́yìn ìparí, ó ń sún mọ́ wákàtí méjì ààbọ̀. Bí 70W bá dúró gbọn-in, ìṣẹ́jú 17 ni ì bá gbà. Kì í dúró. Bátìrì máa ń gba iná púpọ̀ nígbà tó bá ṣófo, ó sì ń dín in kù bó ṣe ń kún, kó má bàa gbóná kó sì bàjẹ́. Nítorí náà nọ́ńbà ara ṣájà jẹ́ òkè tí fóònù ń gùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni bó ṣe ń rìn lójú ọ̀nà.

Mo ní mítà USB kékeré kan tí a ń kì bọ àárín ṣájà àti wáyà, tó ń fi folti àti amp hàn. Ẹ fi ìkíní sọ ìkejì di púpọ̀, ẹ máa rí wáàtì. Mo máa ń jẹ́ kí fóònù wà ní ìsàlẹ̀ 20%, mo fi ṣájà inú páàlí àti wáyà inú páàlí sí i, mo kọ wáàtì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kejì, nígbà tó dé 50%, àti nígbà tó dé 80%. Lẹ́yìn náà mo máa ń tún un ṣe pẹ̀lú wáyà ọjà lásán. Ibẹ̀ ni àṣírí máa ń tú. Púpọ̀ nínú àwọn fóònù tó ń pe ara wọn ní 67W tàbí 70W ń lo èdè tiwọn láàárín ṣájà àti fóònù; bí wáyà bá ti yí padà, tàbí bí ṣájà bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, wọ́n lè já wálẹ̀ sí 10W tàbí 18W. Ẹni tí NEPA ń mú iná wá fún ní wákàtí kan lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ka wáyà inú páàlí yẹn sí apá kan fóònù. Kí ó má ṣe yá ẹnikẹ́ni. Kí ó sì bèèrè iye tí òmíràn ń lọ kó tó ra fóònù náà.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń gbé folti sókè sódò, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń pa á tàbí tí epo bá ń tán lọ. Ẹ yọ ṣájà kí ẹ tó pa á, bí ẹ bá sì tún tan án, ẹ má kì í bọ̀ ọ́ títí ohùn rẹ̀ á fi dúró sójú kan. Tí ara fóònù bá gbóná kọjá nǹkan bíi 45°C, kò yẹ kí bátìrì gba iná mọ́, fóònù tó dára á sì dín in kù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bó bá ń falẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án, kò tíì bàjẹ́. Iná aláìní-wáyà 20W kò wúlò tó ariwo rẹ̀ ní tèmi: ó ń sọ iná nù sínú ooru, níbi tí iná ti wọ́n.

Àwọn ohun kéékèèké wà tí wọ́n fi ń dín owó kù láìsọ. Àkọ́kọ́ ni sẹ́ńsọ̀ tó ń pa skríìnì nígbà tí ẹ bá gbé fóònù sétí. Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú ti yọ ọ́, wọ́n ń fi áàpù méfò ibi tí fóònù wà. Ẹ pe ẹnì kan, ẹ gbé e sétí, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún gbé e, ẹ jẹ́ kó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ dáadáa. Bí ìpè bá di mute tàbí tó já fúnra rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ló ń tẹ skríìnì. Èkejì ni kọ́ńpáàsì. Láìsí rẹ̀, Google Maps mọ ibi tí ẹ dúró sí àmọ́ kò mọ ibi tí ẹ kọjú sí títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù kiri Èkó mọ ìyà tó wà nínú ìyẹn. Gyroscope, sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí, náà ń bẹ lára ohun tí wọ́n máa ń yọ. DevCheck ní ojú ewé kan tó ń to gbogbo sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀; èyí tí kò bá sí níbẹ̀ kò sí nínú fóònù.

Ẹ wo Widevine pẹ̀lú, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bo fíìmù lọ́wọ́ àwọn tó ń jí i dà kọ, bí ẹ bá ń wo Netflix. Áàpù DRM Info á sọ bóyá L1 ni tàbí L3. L3 túmọ̀ sí pé Netflix kò ní fún yín ní HD, bó ti wù kí skríìnì yín mọ́ tó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù yẹpẹrẹ nìkan. Poco F1, fóònù Xiaomi tó jáde ní 2018, tí gbogbo ayé ń yìn torí ọpọlọ Snapdragon 845 tó wà nínú rẹ̀ lówó tí kò tó ìdajì ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú L3 ló jáde. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àtúnṣe tó sọ ọ́ di L1 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá.

Nẹ́tíwọọ̀kì kò gba àlàyé púpọ̀ fún fóònù tuntun tí wọ́n kó wá fún ọjà Nàìjíríà. Ti tòkunbọ̀ ló gba ìṣọ́ra. Ọ̀nà ìgbì rédíò tí nẹ́tíwọọ̀kì ń gbà ni wọ́n ń pè ní band. MTN ń lo 800MHz, ìyẹn band 20, àti 2600MHz, band 7, fún 4G; Airtel ń lo 1800MHz, band 3; Glo ń lo 700MHz, band 28. 5G ti MTN àti Airtel wà lórí n78. Ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní band 20, band ìsàlẹ̀ yìí sì ni ó ń wọ inú ilé àti yàrá inú. Ẹni tó rà á á rí 4G lójú títì, kó wọlé kó di 3G, kó máa bú MTN. Ẹ tẹ nọ́ńbà modẹ́lì gan-an tó wà nínú About phone sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe tẹ orúkọ fóònù nìkan, torí orúkọ kan lè ní modẹ́lì márùn-ún.

Ìpolówó inú fóònù jẹ́ ara ohun tó mú kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Lórí Xiaomi, ẹ lọ sí Settings, Passwords & security, Authorization & revocation, kí ẹ pa msa, áàpù tó ń gbé ìpolówó wá. Ó máa ń kọ̀ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ tún un tẹ̀. Lórí Tecno àti Infinix, ẹ yọ áàpù tí ẹ kò lò, kí ẹ sì pa notification èyí tí kò ṣeé yọ. Nínú About phone kan náà ni ẹ ti máa rí ọjọ́ àtúnṣe ààbò tó kẹ́yìn. Bí fóònù tuntun nínú páàlí bá ní ọjọ́ tó ti kọjá ọdún kan, tí kò sì rí àtúnṣe kankan nígbà tí ẹ wá a, ẹ ti rí bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Áàpù báǹkì yín wà lórí rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

Skríìnì ni ó ń tà fóònù, òun náà ló ń pa olówó fóònù lẹ́kún nígbà tó bá já bọ́. Láti mọ̀ bóyá 120Hz ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ Build number nígbà méje kí Developer options lè jáde, ẹ wọ ibẹ̀, ẹ tan Show refresh rate. Nọ́ńbà kan á fara hàn ní igun. Ẹ máa rí i pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, 120 máa ń wà nínú àkójọ áàpù, á sì já sí 60 bí ẹ bá ti ṣí YouTube. Kò burú, ó ń tọ́jú bátìrì. Ní ti nits, ìwọ̀n bí skríìnì ṣe ń mọ́lẹ̀ tó, nọ́ńbà gíga tí wọ́n ń pè ní peak jẹ́ ti apá kékeré skríìnì fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé fóònù síta ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ka WhatsApp. Bí ẹ bá ní láti fi ọwọ́ ṣíji bò ó, kò tó.

Ẹ wá bèèrè iye tí skríìnì rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ oníṣẹ́ mẹ́ta kí ẹ tó ra fóònù náà. Skríìnì AMOLED tó tẹ̀ létí máa ń gbówó lórí ju èyí tó tẹ́ lọ: gíláàsì rẹ̀ kò rọrùn láti pààrọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló sì ń kọ́kọ́ fara gba ìṣubú. Bí iye tí wọ́n dá bá ju ìdajì owó fóònù lọ, mo máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn pé kó mú èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Oníṣẹ́ kan tún lè sọ fún yín pé òun ní èyí tí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. TFT tàbí incell ni, irú skríìnì tí kì í ṣe AMOLED, tó nílò iná lẹ́yìn rẹ̀ kó tó tàn. Ó máa ń tàn, ó máa ń gba ìtẹ̀, àmọ́ ìtẹ̀ka abẹ́ skríìnì á kú, torí pé ìmọ́lẹ̀ tí ìtẹ̀ka ń lò gbọ́dọ̀ gba inú skríìnì kọjá, páánù ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn TFT sì dí i.

Bí a ṣe ń mọ fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti ṣe báyìí sí nìyí. Ẹ ṣí àwòrán dúdú kirikiri, ẹ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè pátápátá, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká a mọ́ bí ẹni tó ń wo inú kòtò. AMOLED gidi á ṣókùnkùn bí ẹni pé fóònù kú; TFT á máa tàn yànrìn yànrìn bí eérú. Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀, ìyẹn ìlà dúdú ìsàlẹ̀ skríìnì; ti TFT máa ń nípọn ju èyí tó wà nínú àwòrán ilé iṣẹ́. Kí ẹ tó kúrò lórí skríìnì, ẹ ṣí àwòrán eérú kan ṣoṣo, ẹ wá òjìji bọ́tìnnì tàbí pátákó ìtẹ̀wé tó ti jóná sí i.

IP54 kò túmọ̀ sí pé ẹ lè wẹ̀ pẹ̀lú fóònù. Omi tó ta sí i nìkan ló ń kojú. Fóònù olówó gọbọi ti tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ IP68 náà, bí wọ́n bá ti ṣí i lẹ́ẹ̀kan, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti já. Ẹ kà á sí fóònù lásán níwájú omi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tòkunbọ̀ olówó gọbọi ọdún mẹ́ta sẹ́yìn máa ń fún yín ní 4K, OIS àti UFS tó yá ju ti fóònù tuntun olówó kan náà lọ. Ohun tí ẹ máa fara mọ́ dípò rẹ̀ ni bátìrì tó ti rẹ̀ àti àtúnṣe ààbò tó ń parí lọ. Ẹni tó mọ oníṣẹ́ tó dáa tó lè pààrọ̀ bátìrì lè gbé e. Ẹni tí fóònù jẹ́ ọ̀nà jíjẹ rẹ̀, tí kò sì ní èkejì, kó ra tuntun.

Ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ ọjà bá ń kánjú yín pé «Ọ̀gá mi, mi ò ní ju èyí lọ mọ́», ẹ jókòó. Ẹ tẹ *#06#, ẹ fi IMEI méjèèjì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, wé ti ara páàlí àti ti inú About phone. Lórí Samsung, ẹ tẹ *#0*# kí ojú ewé àyẹ̀wò lè jáde. Lórí Xiaomi, *#*#6484#*#*. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ padà lórí sípíkà méjèèjì. Ẹ da fáìlì bíi 20GB sí i láti orí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí i. Fóònù ayédèrú tó ń pe ara rẹ̀ ní 512GB kì í kọjá ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣe factory reset lójú yín, kí ẹ sì tan fóònù pẹ̀lú dátà yín. Bí ó bá bèèrè àkántì Google ẹlòmíràn, tàbí tó kọ ọ́ pé ilé iṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso fóònù náà, ó lè jẹ́ pé fóònù ẹlòmíràn ni tàbí pé gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, wọ́n sì lè tì í láti ọ̀nà jíjìn nígbàkigbà. Ẹ dá a padà síbẹ̀. Èyí tó bá yege, kí wọ́n kọ IMEI méjèèjì sórí rìsíìtì, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti fi dán an wò. Bí ẹ bá gbé e padà wá lọ́jọ́ kẹta, IMEI yẹn ni ẹni tó tà á máa kọ́kọ́ wò.